Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Eyín Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nìkan

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá lónìí. Kékeré tó kéré yẹn gan-an ló fi ń tàn wá jẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ jí, ẹ bu omi sí ife, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnu. Ẹ tu itọ́ sílẹ̀, ẹ wá rí i pé ó pọ́n. Kí lẹ máa ń ṣe? Bí mo bá bi èèyàn mẹ́wàá ní Akpakpa tàbí ní Gbégamey, mo mọ ìdáhùn tí màá gbọ́. Ẹnì kan á ní, "Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ló le jù." Ẹlòmíì á ní, "Ooru ló mú mi." Ẹlòmíì á ní òun ti fi sódábì ṣan ẹnu. Èyí tó pọ̀ jù á ní, "Mo kúkú fi ibẹ̀ sílẹ̀. N kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án mọ́, kó lè sinmi."

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló burú jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì jẹ́ kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Màmá kan wá bá wa nígbà kan níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Wọ́n á tó ẹni ọdún 55. Ata àti tòmátì ni wọ́n ń tà. Eyín ìsàlẹ̀ wọn, ti iwájú, méjì ti ń mì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi yọ ọ́, kí n tètè padà sọ́jà." Mo wo ẹnu wọn. Èrìgì wọn ti wú, ó pọ́n kuku, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ yín gan-an? Ṣé ẹ máa ń jí tọ̀ lóru?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ti eyín ni mo bá wá o. N ò bá ti ìtọ̀ wá."

A bẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó ga gan-an. Àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn, wọn ò mọ̀. Wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì tí ìdí eyín àwọn ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ ò rí i? Èrìgì ti ń ké fún ọdún méjì gbáko, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Kí ni wọ́n ń pè ní èrìgì gan-an? Èrìgì ni ẹran pupa tó yí ìdí eyín ká. Ẹ wò ó báyìí: eyín gba inú ẹran jáde síta, bí òpó tó gba inú òrùlé páànù jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibi tí òpó bá ti gba inú páànù jáde, ibẹ̀ ni òjò máa ń gbà wọlé bí wọn ò bá dí i dáadáa. Èrìgì ló dí ibẹ̀ fún wa. Bó bá ti ṣí, ohun tó wà lẹ́nu á máa rí ọ̀nà wọnú ara.

Kí ló ń ṣí i? Ìdọ̀tí ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí wà tó ń gbé inú ẹnu gbogbo èèyàn. Wọ́n máa ń kóra jọ sí ìdí eyín, wọ́n á di nǹkan rírọ̀ tó funfun, tó ń lẹ̀ mọ́ eyín bí ògì tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá fi èékánná ha ìdí eyín yín nísinsìnyí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i. Bí a bá ń fọ̀ ọ́ kúrò lójoojúmọ́, kò sí wàhálà. Bí a bá fi í sílẹ̀, á gan, á le bí òkúta. Bó bá ti le tán, búrọ́ọ̀ṣì ò ká a mọ́, dókítà eyín ló máa fi irin ha á. Ní gbogbo àsìkò yẹn, èrìgì ń bá àwọn kòkòrò náà jà. Ìjà yẹn ló ń mú un wú, òun ló ń mú un pọ́n, òun náà ló ń mú un ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ lè ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìdọ̀tí ni?" Wọ́n ti dán an wò. Ní 1965, ní ìlú Aarhus ní Dẹ́nímáàkì, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú èèyàn 12 tí èrìgì wọn dára, wọ́n ní kí wọ́n má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 21, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí èrìgì rẹ̀ kò wú. Wọ́n wá ní kí wọ́n padà máa fọ eyín. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, èrìgì wọn padà bọ̀ sípò. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìdọ̀tí ló ń fà á. Èkejì, tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání, ni pé fífọ̀ ló ń wò ó sàn. Torí náà, ẹni tó fi ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó lè sinmi, oúnjẹ ló ń gbé fún ọ̀tá.

Àmọ́ ìgbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun nìyẹn. Bó bá pẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà. Èrìgì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára eyín, àlàfo á wà láàárín àwọn méjèèjì bí àpò. Kòkòrò á wọ inú àpò náà, egungun tó di eyín mú á sì máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Eyín á dà bí ẹni pé ó ń gùn sí i, àlàfo á wà láàárín eyín sí eyín, ó di kó máa mì. Egungun tó bá ti lọ kì í sábà padà wá. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé kì í sábà dunni. Eyín tó jẹrà kì í jẹ́ ká sùn, àrùn èrìgì ní tiẹ̀ ń rọra ṣe iṣẹ́ ibi ni. Ìgbà tí eyín bá wá ń bọ́, a óò ní àgbà ló dé. Rárá o. Àgbà kì í yọ eyín, àìsàn ló ń yọ ọ́. Àwa nìkan kọ́ ló ń ṣe o. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn OMS, gbé jáde ní 2022, wọ́n ní àwọn tó ní àrùn èrìgì tó ti le tó nǹkan bíi bílíọ̀nù kan káàkiri ayé.

Báyìí, kí ló kan ara yòókù? Ẹ jẹ́ ká rò ó pa pọ̀. Bí ẹnu ẹnì kan bá kún fún àwọn àpò tí mo sọ yẹn, tí a bá lè tẹ́ gbogbo egbò inú wọn sórí tábìlì, ó lè tó àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Ta ni nínú yín ló máa ní egbò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ní ẹsẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò ní wá ìtọ́jú? Torí pé ètè bo ti ẹnu mọ́lẹ̀ la ò ṣe kà á sí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá, òun náà ló ń lọ sí ọkàn, sí kíndìnrín, sí gbogbo ara. Kòkòrò díẹ̀ máa ń bá a lọ. Oró ìjà tó ń lọ níbẹ̀ náà ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àtọ̀gbẹ la máa kọ́kọ́ sọ, torí òun lọ̀rọ̀ rẹ̀ dájú jù. Ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ ni ti àtọ̀gbẹ àti èrìgì. Bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, ara ò ní lè bá kòkòrò jà dáadáa, egbò ò ní tètè jinná, èrìgì á máa bàjẹ́ kíákíá. Ìyẹn ni àlọ. Bí èrìgì bá sì ń wú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ṣe yẹ, ṣúgà á tún ga sí i. Ìyẹn ni àbọ̀. Harald Löe kan náà ló kọ ọ́ ní 1993 pé àrùn èrìgì ni ìkẹfà nínú àwọn ìṣòro tí àtọ̀gbẹ ń fà, pẹ̀lú ti ojú, ti kíndìnrín àti àwọn yòókù tí ẹ ti mọ̀. Ní 2022, àjọ Cochrane tẹ àkójọ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá tọ́jú èrìgì ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí 0.4. Ẹni tó wà ní 8.4 lè bọ́ sí 8. Ìyẹn ò rọ́pò oògùn o, kò sì rọ́pò ìṣọ́ra lórí oúnjẹ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ ń lo oògùn, tí ẹ ti dín gàrí kù, tí ṣúgà yín ò sì wálẹ̀, ẹ la ẹnu yín síwájú dígí kí ẹ wò ó. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń dí oògùn yín lọ́wọ́ wà níbẹ̀.

Ọkàn ló kàn. Níbí, mi ò ní sọ ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó ní àrùn èrìgì sábà máa ń ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ju ẹni tí kò ní lọ. Ní 2012, American Heart Association yẹ àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò. Wọ́n ní òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì máa ń bára wọn rìn, àmọ́ kò tíì sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ló ń fa èkejì. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ fọ eyín kí ẹ sì da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, ẹ má gbà o. Àmọ́ ohun kan wà tó dájú. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ìlẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, kòkòrò láti ìdí eyín lè lọ dó síbẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ sọ fún dókítà eyín kó tó fi irin kan ẹnu yín. Òun ló máa mọ̀ bóyá ẹ nílò oògùn ṣáájú.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tiyín. Wọ́n máa ń sọ fún yín pé oyún kan, eyín kan, pé ọmọ inú ló ń fa agbára eyín yín mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi ara tó ń yí padà nínú oyún máa ń mú kí èrìgì tètè wú, kó tètè ṣẹ̀jẹ̀, bí ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ kéré. Bí ẹ bá wá ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, tí ẹ ò fọ eyín mọ́, ìgbà yẹn ni eyín máa lọ lóòótọ́. Àwọn olùwádìí ti rí i pé àrùn èrìgì àti bíbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé máa ń bára wọn rìn. Wọn ò tíì rí i dájú pé títọ́jú èrìgì nínú oyún ń dènà rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí dájú ni pé kò léwu fún ìyá, kò sì léwu fún ọmọ. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù dókítà eyín torí pé ẹ lóyún. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ lóyún, ó tán. Bí ẹ bá ń bì láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹnu, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Ti àwọn ọmọ wa ló kẹ́yìn, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní noma. Láti èrìgì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, tí éèyi, tí wọ́n ń pè ní rougeole, tàbí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù bolẹ̀, òun ni noma máa ń mú. Èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu á máa rùn burúkú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹran ojú ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á ṣí sílẹ̀. OMS ní bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀, bí a bá tètè mú ọmọ dé ilé ìwòsàn, oògùn apakòkòrò, fífọ ẹnu àti oúnjẹ tó dára lè dá a dúró. Kì í ran ẹlòmíì, kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ní Sókótó ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí noma. Ní oṣù December 2023, OMS kọ noma mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì, Nàìjíríà ló sì ṣáájú àwọn tó béèrè fún un. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tiwa náà wà lára àwọn ibi tí OMS ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí noma ní Áfíríkà. Torí náà, bí ọmọ tó rù bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ní èrìgì, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má dúró di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ó dáa. Kí la wá fẹ́ ṣe?

Ẹ máa fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Ti alẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òru ni kòkòrò ń ráyè jù, torí itọ́ kì í pọ̀ lẹ́nu lóru. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ẹ dojú búrọ́ọ̀ṣì kọ ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, ẹ rọra máa fọ̀ ọ́, iwájú àti ẹ̀yìn, títí dé eyín ọ̀kánkán. Ẹ má ha á bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò.

Orín ńkọ́? Orín dára. Àwọn ìyá wa ò ṣìnà, orín ata àti pákò Ìjẹ̀bú ti tọ́jú ẹnu púpọ̀. Àmọ́ ẹ lò ó bó ṣe yẹ: ẹ rún orí rẹ̀ kó rọ̀ bí fọ́nrán, kí ẹ fi fọ ìdí eyín láti èrìgì wá sí orí eyín. Ọ̀pọ̀ wa kàn ń fi rìn kiri ni, eyín iwájú mẹ́rin nìkan là ń fọ̀. Ẹ gé orí tí ẹ ti lò kúrò lọ́jọ́ kejì. Ẹ má sì ya ẹlòmíì lórín.

Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lè fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí ṣan ẹnu, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ má fi sódábì sí i, ẹ má fi aṣáà sí i. Sódábì ń bó ẹran ẹnu ni, aṣáà sì ń jẹ èrìgì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, ẹ fetí sí èyí: sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé èrìgì kù. Èrìgì yín lè má ṣẹ̀jẹ̀ rárá, kí egungun sì máa jẹ lọ nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀ ní tiyín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe àdéhùn kan. Ẹni tí ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ yìí, kó fọ eyín bí mo ṣe wí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè máa jáde, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ ti rí oògùn yín, ẹ máa bá a lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí eyín ń mì, tí èrìgì ń sun ọyún, tí ẹnu ń rùn láìdẹwọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Ní Kútọnu níbí, CNHU wà, àwọn mìíràn sì wà káàkiri àdúgbò. Bí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ béèrè fúnra yín: "Ṣé kò yẹ kí n yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú?" Ìbéèrè yẹn ò náni ní nǹkan kan.

Ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ màmá aláta yẹn já sí. A yọ ọ̀kan nínú eyín méjì yẹn, kò ṣeé gbà là. Wọ́n ha ìdí àwọn yòókù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn àtọ̀gbẹ. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èrìgì wọn ti le, ó ti ń ní àwọ̀ tirẹ̀, eyín kejì ṣì wà lẹ́nu, ṣúgà wọn ti wálẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àṣé ti eyín àti ti ìtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, màmá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ló máa ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ẹ rí nínú itọ́ yín láàárọ̀, kékeré ìrókò nìyẹn. Ẹ pẹ̀ka rẹ̀ ní báyìí.

Ẹ kí ará ilé fún wa, kí ẹ sì wo ẹnu wọn náà lálẹ́ òní.